Egungun wo ni ajá lè jẹ láìsí ewu?

Bí ènìyàn bá sọ fún àgbà kan ní abúlé pé egungun lè pa ajá, ó ṣeé ṣe kí àgbà náà rẹ́rìn-ín. Láti ayébáyé ni ajá ti ń jẹ egungun, òun náà sì ni gbogbo ayé mọ̀ ọ́n mọ́. Síbẹ̀, àwọn dókítà ẹranko kò yéé rí ajá tí egungun gún ní ìfun, èyí tí egungun há sí lọ́fun, àti èyí tí eyín rẹ̀ là nítorí egungun. Ọ̀rọ̀ náà tún kọjá ti ajá nìkan, nítorí pé àrùn tó bá bá egungun wọlé lè ti ara ajá dé ọ̀dọ̀ ọmọ ènìyàn.

Ohun tó mú kí ọ̀rọ̀ yìí gba àròjinlẹ̀ lásìkò yìí ni ọ̀wọ́n gógó. Láti oṣù kẹfà ọdún 2023 tí ìjọba àpapọ̀ ti jọ̀wọ́ náírà fún ọjà láti máa dá iye rẹ̀, ohun tó ń ti òkè òkun wá ti gbówó lórí, oúnjẹ ajá inú àpò kò sì gbẹ́yìn. Ẹni tó ń sin ajá láti ṣọ́ ilé, tàbí tó ń mú un lọ sí oko àti ìgbẹ́ ọdẹ, kò ní ṣàìbojú wo ọ̀dọ̀ alápatà, níbi tí egungun ti wà tí owó rẹ̀ kò sì tó ti ẹran.

Kò sí ohun tó burú nínú èyí, bí onítọ̀hún bá mọ ohun tó ń rà. Ìbéèrè mẹ́ta ló ń ya egungun tó dára sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tó ń pa ajá: ṣé tútù ni àbí sísè? Apá ibo lára ẹran ló ti wá? Kí ló pa ẹran náà?

SÍSÈ LÓ Ń BA EGUNGUN JẸ́

Egungun tútù ní omi nínú, ó sì ní ohun rírọ̀ kan tó so ó pọ̀ tí kì í jẹ́ kó tètè ṣẹ́. Bí ajá bá fi eyín tẹ̀ ẹ́, yóò gbà díẹ̀ kó tó fọ́. Èyí tó bá sì wọ inú lọ, omi inú àpòlúkù ajá lágbára láti yọ́ púpọ̀ nínú rẹ̀.

Nígbà tí egungun bá ti pẹ́ lórí iná, omi inú rẹ̀ yóò gbẹ, ohun tó so ó pọ̀ yóò sì yọ́ sínú ọbẹ̀. Èyí tó kù yóò wá gbẹ gan-an, yóò máa ṣẹ́ bí ìgò, ẹnu rẹ̀ yóò sì mú bí abẹ́rẹ́. Ìdí nìyí tí egungun adìẹ tí wọ́n ti sè fi ń là gbọọrọ, tó sì ń gún ajá ní ọ̀fun tàbí ní ìfun. Ọ̀kan náà ni egungun tí wọ́n sè, èyí tí wọ́n yan, èyí tí wọ́n dín àti èyí tí wọ́n fi èéfín gbẹ.

Ibi tí ewu yìí ti pọ̀ jù ni òde ìnáwó, ọjọ́ Iléyá àti ọjọ́ Kérésìmesì. Bí àlejò bá ti jẹun tán, ẹni tó ń palẹ̀ àwo mọ́ yóò da egungun adìẹ àti ti ẹja sí ẹ̀yìnkùlé, ajá ilé àti ti aládùúgbò yóò sì pé lé e lórí. Bó bá di ọjọ́ kejì tí ajá bẹ̀rẹ̀ sí í bì, tí kò jẹun mọ́, wọ́n á ní ẹnìkan ló fún un ní májèlé jẹ. Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lè dá ìjà sílẹ̀ láàárín àwọn tó ti jọ ń gbé láti ọjọ́ pípẹ́, bẹ́ẹ̀ egungun inú àwo ìnáwó ló ṣe iṣẹ́ náà.

Ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà pàápàá, níbi tí ilé iṣẹ́ ti ń sun egungun, tí wọ́n ń dì í sínú ọ̀rá, tí wọ́n sì ń tà á fún ẹni tó ní ajá, ọ̀rọ̀ náà kò yàtọ̀. Ní ọdún 2017, àjọ FDA tó ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn níbẹ̀ sọ pé nǹkan bí ìròyìn 68 ló ti dé ọ̀dọ̀ àwọn nípa irú egungun bẹ́ẹ̀. Nǹkan bí ajá 90 ni ọ̀rọ̀ náà kàn, 15 nínú wọn ló sì kú.

ÀRÍYÀNJIYÀN ÀWỌN DÓKÍTÀ ẸRANKO

Lórí egungun sísè, ẹnu àwọn onímọ̀ kò yà. Orí egungun tútù ni àríyànjiyàn wà.

Ní ọdún 1993, dókítà ẹranko kan ní ilẹ̀ Australia, Ian Billinghurst, gbé ìwé kan jáde tí àkọlé rẹ̀ ń jẹ́ Give Your Dog a Bone. Ohun tó ń wí ni pé ajá tó ń jẹ egungun tútù tí ẹran wà lára rẹ̀ ń lera ju èyí tó ń jẹ oúnjẹ inú àpò àti inú agolo lọ. Ní ọdún 2001, dókítà mìíràn ní ilẹ̀ náà, Tom Lonsdale, kọ Raw Meaty Bones. Ọ̀rọ̀ eyín ló tẹnu mọ́ jù: ó ní oúnjẹ rírọ̀ ló ń jẹ́ kí ìdọ̀tí dì mọ́ eyín ajá, kí ẹran ìdí eyín rẹ̀ sì máa jẹrà.

Ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní ilẹ̀ Brazil, tó jáde ní ọdún 2016, ti apá kan ọ̀rọ̀ yìí lẹ́yìn. Ajá Beagle 8 ni wọ́n fún ní egungun màlúù tútù. Kó tó pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, èyí tó pọ̀ jù nínú ìdọ̀tí líle tó ti dì mọ́ eyín wọn ti ṣí kúrò.

Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ àwọn dókítà ẹranko ní Amẹ́ríkà, AVMA, gbé ìpinnu kan kalẹ̀ ní ọdún 2012 pé àwọn kò fọwọ́ sí fífún ajá àti ológbò ní ẹran tí iná kò kàn. Kòkòrò àrùn ni wọ́n ń bẹ̀rù. Àyẹ̀wò tí FDA ṣe láàárín ọdún 2010 sí 2012 lórí oríṣi oúnjẹ tútù 196 fún àwọn ẹran ilé fi hàn pé Salmonella wà nínú 15, Listeria sì wà nínú 32. Salmonella lè wà nínú ikùn ajá láìṣe é ní nǹkan kan, kó sì máa bá ìgbẹ́ rẹ̀ jáde sí àgbàlá tí àwọn ọmọdé ti ń ṣeré. Ọmọ ọwọ́, aláboyún, arúgbó àti ẹni tí ara rẹ̀ kò le ni irú kòkòrò wọ̀nyí ń ṣe ní jàǹbá jù.

Bí a bá gbọ́ ẹjọ́ ìhà méjèèjì, òótọ́ wà lẹ́nu kálukú wọn. Egungun tútù ń fọ eyín ajá, kòkòrò sì wà lára ẹran tútù. Ẹni tó bá fẹ́ jẹ àǹfààní àkọ́kọ́ ni yóò wá ọ̀nà láti dín ewu kejì kù. Ilé tí arúgbó tí ara rẹ̀ kò yá tàbí ọmọ tó ń rákò bá wà, ó sàn kí wọ́n fi egungun tútù sílẹ̀ pátápátá.

BÍ A ṢE Ń ṢA EGUNGUN

Bó ṣe tóbi tó ni ká kọ́kọ́ wò. Egungun tó bá kéré ju ẹnu ajá lọ, ńṣe ni yóò gbé e mì. Egungun tó yẹ ẹ́ gbọ́dọ̀ tóbi ju orí rẹ̀ lọ, tí yóò fi jẹ́ pé yóò dùbúlẹ̀, yóò fi ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì dì í mú, yóò sì máa họ ẹran ara rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Nítorí náà, egungun tó bá ajá ọdẹ ìbílẹ̀ mu lè kéré jù fún ajá Àsésíàn.

Ẹran gbọ́dọ̀ wà lára rẹ̀. Ẹran yìí ni ajá ń fà ya, òun ló sì ń jẹ́ kó fara balẹ̀ jẹ ẹ́. Ìhà màlúù tí wọn kò gé wẹ́wẹ́, egungun àyà, odindi ọrùn ewúrẹ́ tàbí ti àgùntàn, àti egungun rírọ̀ tí wọ́n ń pè ní bísíkíìtì lọ́jà, gbogbo wọn ló sàn. Bí ó bá jẹ́ ọrùn ni, kí alápatà yọ ọ̀fun kúrò. Ẹ̀yà ara kan wà lára ọ̀fun ẹran tí àwọn oníṣègùn ń pè ní thyroid, èyí tó ń darí bí ara ṣe ń lo oúnjẹ. Ìwádìí tó jáde ní ilẹ̀ Jámánì ní ọdún 2012 fi hàn pé ajá tó ń jẹ irú ẹran ọ̀fun bẹ́ẹ̀ lemọ́lemọ́ lè máa rù, kí ọkàn rẹ̀ sì máa sáré, nígbà tí ara rẹ̀ kò ní àrùn kankan tẹ́lẹ̀.

Egungun itan àti ojúgun màlúù ni kí a yẹra fún. Ẹsẹ̀ mẹ́rin ló ń gbé gbogbo ìwúwo màlúù, ìdí nìyí tí egungun ibẹ̀ fi le débi pé ó lè la eyín ajá. Eyín ńlá tó wà ní ẹ̀gbẹ́ òkè, èyí tí ajá fi ń gé ẹran, ló sábà máa ń là. Bí ó bá ti là, ìrora kò ní jẹ́ kí ajá lè jẹun dáadáa mọ́.

Ọ̀nà tí wọ́n gbà gé egungun náà ṣe pàtàkì. Àáké àti àdá kì í gé egungun kó dán. Ńṣe ni wọ́n ń fọ́ ọ, tí ẹnu rẹ̀ á sì rí ṣóńṣó. Èyí tí wọ́n fi ayùn gé róbótó bí òrùka, tí mùdùnmúdùn wà láàárín rẹ̀, tún ní ewu tirẹ̀. Ó lè kọ́ àgbọ̀n ìsàlẹ̀ ajá lọ́rùn, kó sì há síbẹ̀ títí dókítà yóò fi gé e kúrò. Ẹni tó bá ń ra egungun fún ajá, kí ó sọ fún alápatà pé odindi ni òun fẹ́.

Ti adìẹ gba ọgbọ́n. Egungun bíráyílà tí kò tíì gbó rọ̀ nígbà tó bá wà ní tútù. Ṣùgbọ́n àgbà adìẹ ẹlẹ́yin tí wọ́n ń tà nígbà tí kò bá yé dáadáa mọ́ yàtọ̀. Ẹyin tó ti ń yé láti ọjọ́ yìí ti fa agbára inú egungun rẹ̀, ìdí nìyí tó fi ń ṣẹ́ wẹ́wẹ́. Ọrùn adìẹ tí ọ̀pọ̀ rò pé kò léwu náà ní ọ̀rọ̀ nínú. Ní ọdún 2018, àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Melbourne fi ajá 27 tí àrùn kan sọ ẹsẹ̀ wọn di rírọ wé ajá 47 tí kò ní in. Wọ́n rí i pé jíjẹ adìẹ tútù ní í ṣe pẹ̀lú àrùn náà, kòkòrò Campylobacter ni wọ́n sì fura sí.

Ẹlẹ́dẹ̀ tútù kò yẹ ajá rárá. Àrùn kan wà tí wọ́n ń pè ní Aujeszky tí àgbà ẹlẹ́dẹ̀ lè máa gbé kiri láìkú, ṣùgbọ́n bí ajá bá kó o láti ara ẹran tútù, ikú ni, láàárín ọjọ́ díẹ̀.

Egungun kì í ṣe oúnjẹ òòjọ́. Ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ tó. Bí ìgbẹ́ ajá bá funfun, tó gbẹ, tó ń fọ́ bí ẹfun, egungun ti pọ̀ jù nìyẹn. Ọmọ ajá, ajá tó ti gbó tí eyín rẹ̀ ti ń mì, àti èyí tó ń ṣàìsàn kò gbọ́dọ̀ jẹ ẹ́. Bí ajá bá ju ẹyọ kan lọ nílé, kí wọ́n ya oúnjẹ wọn sọ́tọ̀, nítorí ajá tó ń bẹ̀rù kí èkejì má gba tirẹ̀ ló ń sáré gbé egungun mì. Kí ẹnìkan dúró tì í, kí wọ́n sì kó èyí tó bá ṣẹ́ kù dànù lẹ́yìn bí ìṣẹ́jú 20. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n fi ọṣẹ fọ ọwọ́, ọ̀bẹ àti ibi tí egungun náà ti kàn. Fífi egungun sínú yìnyín lè pa aràn kan, ṣùgbọ́n kì í pa Salmonella.

KÍ LÓ PA ẸRAN NÁÀ?

Gbogbo ìmọ̀ràn òkè yìí kò já mọ́ nǹkan kan bí ẹran náà bá ti kú kí ọ̀bẹ tó kàn án. Bí ewúrẹ́ tàbí màlúù bá ṣàdédé kú lóko, ẹni tí kò fẹ́ jẹ ẹ́ lè ní kí wọ́n gé e fún ajá. Àṣìṣe ńlá ni.

Ní oṣù keje ọdún 2023, wọ́n fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé àrùn anthrax ti pa ẹran ọ̀sìn ní agbègbè Suleja, ní ìpínlẹ̀ Niger. Kí èyí tó ṣẹlẹ̀ ni àrùn náà ti jà ní àríwá orílẹ̀-èdè Ghana, tí ìjọba àpapọ̀ sì ti kìlọ̀ fún àwọn ènìyàn nípa pọ̀nmọ́, ẹran ìgbẹ́ àti ẹran yíyan. Ẹran tí anthrax bá pa sábà máa ń da ẹ̀jẹ̀ dúdú tí kò dì láti imú, ẹnu àti ihò ìdí. Ajá lè jẹ nínú rẹ̀ kó má kú, ṣùgbọ́n yóò wọ́ egungun rẹ̀ kiri oko, yóò sì máa gbin àrùn náà sínú ilẹ̀, níbi tó ti lè wà fún ọ̀pọ̀ ọdún títí ẹran mìíràn yóò fi wá jẹko níbẹ̀. Wọn kì í la irú òkú ẹran bẹ́ẹ̀, wọn kì í sì bó o. Dókítà ẹranko ni kí wọ́n ké sí, kí wọ́n lè sun ún tàbí kí wọ́n bò ó mọ́lẹ̀ jìn.

Ti adìẹ kò yàtọ̀. Ní oṣù kejì ọdún 2006, Nàìjíríà ni orílẹ̀-èdè àkọ́kọ́ ní ilẹ̀ Áfíríkà tí ọ̀fìnkìn ẹyẹ H5N1, èyí tí gbogbo ayé ń pè ní bird flu, ti fara hàn láàárín adìẹ, ní ìpínlẹ̀ Kaduna. Ọ̀rọ̀ náà tún padà wá lọ́nà mìíràn ní oṣù kejìlá ọdún 2024, nígbà tí ìjọba ìpínlẹ̀ Oregon ní Amẹ́ríkà kéde pé ológbò kan kú lẹ́yìn tó jẹ oúnjẹ tòlótòló tútù tí kòkòrò H5N1 wà nínú rẹ̀. Ní oṣù kìíní ọdún 2025, FDA pàṣẹ pé kí ilé iṣẹ́ tó ń lo ẹran adìẹ tàbí ti màlúù tútù fún oúnjẹ ajá àti ológbò tún ètò ààbò wọn gbé yẹ̀ wò. Ológbò ni àrùn náà ń pa jù, ṣùgbọ́n ajá náà lè kó o. Adìẹ tó bá kú fúnra rẹ̀ nínú ọgbà kì í ṣe oúnjẹ ajá, bó ti wù kó sanra tó.

Ẹran tí wọ́n pa ní odò ẹran, tí òṣìṣẹ́ ìjọba yẹ̀ wò kó tó jáde, ni egungun rẹ̀ ṣeé fọkàn tán díẹ̀. Egungun tó ti ń rùn, tàbí èyí tó ti wà nílẹ̀ láti àárọ̀ tí eṣinṣin ti bò, kò yẹ kó wọ inú ilé.

Ẹ̀DỌ̀ ÀTI FÙKÙ

Nígbà tí wọ́n bá ń fún ajá ní egungun, alápatà tàbí ọdẹ sábà máa ń ju ẹ̀dọ̀ tàbí fùkù tí kò dára mọ́ ọn. Níbí gan-an ni ewu tó le jù fún ènìyàn wà. Aràn kan wà tí ọmọ rẹ̀ máa ń ṣe àpò omi sínú ẹ̀dọ̀ àti fùkù àgùntàn, ewúrẹ́, màlúù àti ràkúnmí. Bí ajá bá jẹ àpò omi yìí ní tútù, aràn náà yóò dàgbà nínú ìfun rẹ̀, ẹyin rẹ̀ yóò sì máa bá ìgbẹ́ jáde. Ẹni tó bá gbé ẹyin yìí mì, bóyá láti ara irun ajá tó fọwọ́ pa tàbí ẹ̀fọ́ tí kò fọ̀ dáadáa, àpò omi kan náà lè máa dàgbà nínú ẹ̀dọ̀ tirẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún kó tó mọ̀.

Àpẹẹrẹ rere wà. Ní New Zealand, níbi tí àgùntàn ti pọ̀ gan-an, wọ́n ṣe òfin lórí àrùn yìí ní ọdún 1959. Wọ́n ń fún ajá ní oògùn aràn, wọ́n sì ka fífún un ní ẹ̀yà inú ẹran ní tútù léèwọ̀. Ní ọdún 2002, ìjọba ibẹ̀ kéde pé àrùn náà ti kásẹ̀ nílẹ̀. Síbẹ̀, òfin ṣì wà níbẹ̀: ẹ̀yà inú àgùntàn tàbí ewúrẹ́ tí wọ́n bá fẹ́ fún ajá gbọ́dọ̀ hó lórí iná fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ó kéré tán. Ohun tí ìkòkò àti igi ìdáná lè ṣe ni, kò gba owó ńlá. Ọdẹ tó bá fẹ́ bu ìpín ajá rẹ̀ nínú ẹran tó pa lè ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú, kó sì kọ́kọ́ ṣa ọta ìbọn kúrò lára rẹ̀.

ṢÉ EGUNGUN LÓ HÁ, ÀBÍ DÌGBÒLUGI?

Ọ̀rọ̀ kan kù tó lè gba ẹ̀mí ènìyàn. Bí ajá bá ń da itọ́, tó la ẹnu sílẹ̀ tí kò lè pa á dé, tí kò lè gbé oúnjẹ mì, tí ohùn rẹ̀ sì ti yí padà, ohun tí olówó rẹ̀ máa ń kọ́kọ́ rò ni pé egungun há a lọ́fun. Yóò sì ki ọwọ́ bọ ẹnu ajá láti wá egungun náà. Àmọ́ gbogbo àmì wọ̀nyí náà ni ajá tí àrùn dìgbòlugi ń ṣe máa ń ní, pàápàá irú dìgbòlugi tí kì í jẹ́ kí ajá ya wèrè, tó jẹ́ pé ńṣe ló ń rọ ọ́ ní àgbọ̀n. Itọ́ ajá náà ni àrùn wà. Ojú egbò kékeré kan lára ìka ti tó fún un láti wọlé, bí àmì rẹ̀ bá sì ti fara hàn lára ènìyàn, ó ṣọ̀wọ́n kí onítọ̀hún tó yè é.

Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ki ọwọ́ bọ ẹnu ajá tí kò mọ ohun tó ń ṣe é, àgàgà ajá tí kò tíì gba abẹ́rẹ́ dìgbòlugi. Kí wọ́n so ó mọ́lẹ̀ bí ó bá ṣeé ṣe láìfara kàn án lẹ́nu, kí wọ́n sì pe dókítà ẹranko. Ẹni tí itọ́ náà bá ti kàn lójú egbò, tàbí tí ajá bá bù jẹ, kí ó fi omi tó ń ṣàn àti ọṣẹ fọ ojú ibẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15, kí ó sì gba ilé ìwòsàn lọ lọ́jọ́ náà fún abẹ́rẹ́.

Bí ó bá wá jẹ́ egungun ló há lóòótọ́, kò yẹ kí wọ́n fi òkèlè èbà tàbí epo pupa tì í wọlé, nítorí èyí lè mú kó gún ọ̀nà ọ̀fun. Ajá tó ń bì lemọ́lemọ́, tó ń tẹ ẹ̀yìn bá, tó ń tiraka láti yàgbẹ́ tí kò rí i yà, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ wà nínú ìgbẹ́ rẹ̀, ọwọ́ dókítà ló yẹ kó wà lọ́jọ́ náà.

OHUN TÓ KÙ LÁTI ṢE

Iṣẹ́ wà fún ìjọba ìbílẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Odò ẹran tí kò ní odi, tí ajá aláìlólówó ń wọlé tó ń jáde, tí wọ́n ń da ẹ̀yà inú ẹran tí kò dára sí gbangba, ni àrùn ti ń tàn. Ibi tí wọ́n lè kó irú ẹ̀yà ara bẹ́ẹ̀ bò mọ́lẹ̀ tàbí sun ún kò yẹ kó wọ́n ní odò ẹran kankan, kò sì yẹ kí òṣìṣẹ́ tó ń yẹ ẹran wò máa dé lẹ́yìn tí ọjà ti tú. Àwọn àgbà ní àìtètè mólè, olè ń mólóko.

Ẹni tó ní ajá náà ní ipa tirẹ̀: abẹ́rẹ́ dìgbòlugi lọ́dọọdún, oògùn aràn lásìkò, àti ẹnu láti bi alápatà léèrè kó tó sanwó. Bí kò bá rí egungun tó dára, kò sí ọ̀ràn. Ẹran tàbí ẹja sísè tí wọ́n ti ṣa egungun rẹ̀ kúrò dáadáa, tí wọ́n pò mọ́ ìrẹsì tàbí èbà, láìsí àlùbọ́sà àti ata nínú rẹ̀, yóò gbé ajá ró. Kò sí ajá tó kú rí nítorí pé kò rí egungun jẹ.